Ìfòòró ẹni lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Kétu ní Benin

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín lè wá, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, mo kí yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo júbà àwọn àgbà Kétu tó wà níjokòó kí n tó la ẹnu.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa fóònù àti àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ fóònù pọ̀ ju ìjókòó kan lọ, nítorí náà ẹyọ kan ni mo mú: bí àwọn èèyàn ṣe ń fi íntánẹ́ẹ̀tì fòòró ọmọlàkejì, àti ohun tí ẹni tí wọ́n ń fòòró lè ṣe, àti ohun tí àwa tó yí i ká gbọ́dọ̀ ṣe. Apá ìkẹyìn yìí ni mo tìtorí rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà ilé wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Kétu níbí, ìbáwí gbangba kì í ṣe àjèjì sí wa. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2001, àwọn bàbá wa sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ òru Èfẹ̀, olórin tó ń dé ìbòjú jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò jáde lọ́sàn-án, Èfẹ̀ a dúró láàárín ọjà, a fi orin na olè, a fi orin na ẹni tó gba ìyàwó oníyàwó, a fi orin na aláṣẹ tó jẹ owó ìlú. Ẹni tí orin bá kàn á ti mọ ara rẹ̀. Ọjà á rẹ́rìn-ín, ojú á ti onítọ̀hún. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti sọ ọ́ sí mi létí pé ohun tí àwọn ń ṣe nínú gúrúùpù WhatsApp kò yàtọ̀ sí ti Èfẹ̀: ẹni tó bá ṣe ohun tó burú, ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́.

Ó yàtọ̀. Èfẹ̀ kì í kọrin kó tó júbà. Ó ń júbà fún àwọn ìyá wa, àwọn ìyá náà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ojú ọjà ni ìbòjú rẹ̀ bò ó sí, kì í ṣe ojú àwọn àgbà: wọ́n mọ ọmọ ilé ibi tó jẹ́. Bó bá purọ́ mọ́ ọmọ ẹlòmíràn, wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò kàn lówùúrọ̀. Ìwà ló ń bá wí. Mi ò tíì gbọ́ kí Èfẹ̀ dúró láàárín ọjà kó máa fi ọmọ ọdún 13 ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé ara rẹ̀ dúdú tàbí pé bàtà rẹ̀ gbó. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, orin á tán. Ẹni tí wọ́n kọ lórin á padà sílé, á rí ààyè tún ìwà rẹ̀ ṣe, ọdún á yí po, orin mìíràn á dé.

Ẹ wá yọ gbogbo ìyẹn kúrò. Kò sí ìbà, kò sí ìyá tó jókòó tì í, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ìbòjú, ilẹ̀ kì í sì mọ́ kí orin tán. Ohun tó ṣẹ́ kù nìyẹn, òun ni wọ́n sì ń fi lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ pẹ̀lú fóònù láìsọ nǹkan kan fún wọn.

Kí ni à ń pè ní ìfòòró gan-an? Mo béèrè nítorí pé kì í ṣe gbogbo èébú ni ìfòòró. Àwọn ọ̀rẹ́ ń bú ara wọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ń jẹun nínú àwo kan náà ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀mọ̀wé kan wà ní Nọ́wè, Dan Olweus, tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń fòòró ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Lọ́dún 1983, lẹ́yìn tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn ní orílẹ̀-èdè náà, wọ́n gbé ìpolongo dìde ní gbogbo iléèwé Nọ́wè, Olweus sì kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Àmì mẹ́ta ló fi ń dá ìfòòró mọ̀: ẹni tó ń ṣe é fẹ́ kó dun ẹlòmíràn, ó ń ṣe é léraléra, ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí kò sì ní agbára láti gbèjà ara rẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì ti yí méjì nínú àmì mẹ́ta yìí padà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Nígbà tí Olweus bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ fòòró ọmọ léraléra gbọ́dọ̀ máa lọ bá a lójoojúmọ́. Lónìí, ẹnì kan lè fi àwòrán ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì sùn. Àwọn tó kù ni yóò ṣe é léraléra fún un: ẹni tó pín in, ẹni tó fi sí sítátọ́ọ̀sì, ẹni tó kàn fi ẹ̀rín sí abẹ́ rẹ̀. Agbára náà sì ti kúrò nínú iṣan àti ọjọ́ orí. Ẹni tí àwòrán wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lágbára, àti ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún 14 tó rí bíńtín fi lè sọ olùkọ́ rẹ̀ di ẹni tí kò lè jáde nílé mọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn olùkọ́ náà, wọn kì í kàn sọ ọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ iṣẹ́ aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni tó jókòó síbí. Ọmọ ọdún 16 ni. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù jà lórí aṣọ oníbàárà tí wọ́n gé bà jẹ́. Ẹnì kejì yìí ní fọ́tò rẹ̀ kan tí ó yà níbi tó ti sùn lọ sórí máṣíìnì, ẹnu rẹ̀ là. Wọ́n fi ojú rẹ̀ ṣe sítíkà. Wọ́n jù ú sínú gúrúùpù àwọn ọmọ iṣẹ́, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Kí ó tó di alẹ́, sítíkà náà ti wọ gúrúùpù ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ rí i níléèwé. Ẹnì kan tí wọn kò mọ nọ́ńbà rẹ̀ gba ohùn sílẹ̀ pé aṣọ tó bà jẹ́ yẹn, jíjí ló fẹ́ jí i. Ẹlòmíràn ní òun mọ ọkùnrin tó ń sùn tì. Ẹ ṣàkíyèsí ohùn yìí dáadáa, nítorí pé lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn tí kò lè ka ìwé kankan náà ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń gbé e lọ. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Jímọ̀, ọmọ náà ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé inú ń run òun.

Èébú tó wúwo kọ́ ló dá èyí sílẹ̀. Fọ́tò oorun ni. Ẹni tó ṣe sítíkà náà lè ti gbàgbé ìjà ọ̀hún pátápátá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ṣe é sí kò mọ ìwọ̀n àwọn tó ti rí i, ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sì wo ojú rẹ̀ lójú ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo ló máa ń bi ara rẹ̀: ṣé ẹni yìí náà ti rí i? Àìmọ̀ yìí ni ìyà tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ tó ya aláìgbọ́n ni mo ń sọ. Ní 2019, UNICEF, àjọ àgbáyé fún àwọn ọmọdé, bi àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 170,000 léèrè ní orílẹ̀-èdè 30, Nàìjíríà aládùúgbò wa wà lára wọn. Ẹnì kan nínú mẹ́ta sọ pé wọ́n ti fòòró òun rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan nínú márùn-ún sì sọ pé òun ti pa iléèwé jẹ nítorí rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ti ń pa iléèwé tàbí ṣọ́ọ̀bù jẹ, kí ẹ tó na ẹgba, ẹ béèrè.

Ta ló ń ṣe é? A fẹ́ràn láti máa rò pé àjèjì ni, pé àwọn gbájú-ẹ̀ kan ni wọ́n jókòó síbì kan ní Kútọnu. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ọmọbìnrin ará Kánádà kan wà, Amanda Todd. Ọkùnrin kan tó ń gbé ní Nẹ́dálańdì, tí òkun wà láàárín wọn, rí àwòrán ìhòòhò rẹ̀ gbà, ó sì ń fi halẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ọmọ náà mọ̀. Ọmọ náà pààrọ̀ iléèwé, àwòrán náà sì tẹ̀ lé e débẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2012. Ọdún mẹ́wàá ni òfin fi wá ọ̀rọ̀ náà lọ: ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ Kánádà fi ọkùnrin náà sí ẹ̀wọ̀n ọdún 13.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èkejì. Ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 13 kan, Megan Meier, bá ọmọkùnrin kan pàdé lórí MySpace, ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kan, ní 2006. Ọmọkùnrin náà ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún un fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó wá yí padà lọ́jọ́ kan, ó sọ ọ̀rọ̀ tó burú sí i. Ọmọ náà pa ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mọ̀ pé kò sí ọmọkùnrin kankan. Obìnrin kan ládùúgbò wọn, tí ọmọ tirẹ̀ ti bá Megan ṣọ̀rẹ́ rí, wà lára àwọn tó dá àkáǹtì náà sílẹ̀. Àgbàlagbà ni, ìyá ọmọ. Ó mọ ilé wọn.

Mo sọ méjèèjì pọ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé bí a bá ń kọ́ ọmọ pé kó má bá àjèjì sọ̀rọ̀ nìkan, ìdajì ni a kọ́ ọ. Nínú ìlú tí gbogbo wa ti mọ ara wa yìí, ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọwọ́ tó ti bọ̀ wá rí: ọ̀rẹ́kùnrin tí wọ́n ti pínyà, ọmọ kíláàsì kan náà, orogún, ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà. John Suler, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ ọ́ ní 2004 pé àwọn èèyàn ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ohun tí ẹnu wọn kò ní gbà láti sọ lójúkojú, nítorí pé wọn kò rí ojú ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ sí, wọ́n sì rò pé a kò rí tiwọn. Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ kí yín láàárọ̀ lè wà lára wọn.

Ní báyìí, ẹ̀yin tí ẹ kì í bú ẹnikẹ́ni, tí ẹ kàn ń wò. Ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù, ọ̀dọ̀ yín ni agbára wà. Ilé iṣẹ́ WhatsApp fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìpín-kiri ni ọ̀ràn náà: ní 2019 wọ́n fi òǹtẹ̀ lé e kárí ayé pé ẹnikẹ́ni kò lè pín ọ̀rọ̀ kan sí ibi tó ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó sì di oṣù kẹrin 2020, ọ̀rọ̀ tó bá ti rìn káàkiri gan-an, ibì kan ṣoṣo ni èèyàn lè pín in sí lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọn tó ni ẹ̀rọ bá rí i pé ó yẹ kí àwọn so ọwọ́ èèyàn, kí ló dé tí àwa kò lè so ọwọ́ ara wa? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Ní Kétu, kò sí gúrúùpù tí ará ilé ẹnì kan kò sí.

Ẹni tó bá rí i kò ní láti di akọni. Kó má pín in. Kó kọ̀wé sí ọmọ náà ní ìkọ̀kọ̀ pé, “Mo rí ohun tí wọ́n ń ṣe, kò dára, mo wà pẹ̀lú rẹ.” Mo gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti gba ẹ̀mí là. Kó sì sọ fún alábòójútó gúrúùpù. Ẹ̀yin alábòójútó, iṣẹ́ yín kì í ṣe kí ẹ máa fi èèyàn kún gúrúùpù nìkan. Bí àwòrán ìtìjú bá wọlé, WhatsApp ti fún yín lágbára láti pa á rẹ́ fún gbogbo ọmọ gúrúùpù, kí ẹ sì yọ ẹni tó gbé e wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá sọ pé ẹ kò sí lórí ayélujára lọ́jọ́ náà, ẹ wá ẹlòmíràn tí ẹ ó jọ máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ kàn yín wàyí. Kí ló dé tí ọmọ tí wọ́n ń fòòró kì í fi í sọ nílé? Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ sọ̀rọ̀ lórí èyí, ohun méjì ni mo sì ń gbọ́ ní àgbọ́tún-gbọ́. “Wọ́n máa gba fóònù mi.” “Wọ́n máa ní èmi ni mo fà á.” Ẹ wò ó bó ṣe rí: ọmọ tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ ni yóò tún san ìtanràn. Ọmọ tó wá bá ọ lálẹ́, tó ní “Màmá, wọ́n ń fi fọ́tò mi ṣe yẹ̀yẹ́,” tí o dá a lóhùn pé “Ta ló ní kó o ya fọ́tò?”, kò ní padà wá mọ́. Nígbà tí èyí tó burú ju ìyẹn bá dé, tí ẹnì kan ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àwòrán ìhòòhò, inú ara rẹ̀ ni yóò gbé e sí. Ibẹ̀ ni ikú ti ń rí àyè.

Nítorí náà, ẹ kọ́ ìdáhùn yìí sórí kí ọjọ́ náà tó dé: “O ṣeun tí o sọ fún mi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. A jọ máa yanjú rẹ̀ ni.” Kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ ṣe ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, bí òun fúnra rẹ̀ ló fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin tó fẹ́ràn, ẹ̀kọ́ ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í jókòó ṣe ìwàásù nípa iná. Ẹ má gba fóònù náà, ẹ jókòó tì í ni. Gbogbo ẹ̀rí wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rere tó kù fún un náà sì wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ kò bá gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu rẹ̀, ẹ máa wo ara rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ̀n bí fóònù bá ti dún, tó ń yí i dojú bolẹ̀ bí ẹ bá wọlé, tí kò sùn mọ́, tí oúnjẹ kò lọ mọ́, tó ń wá àwáwí lójoojúmọ́ kó má bàa jáde. Àmì kan kò tó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀, ẹ fi ìfẹ́ béèrè. Bí ọmọ bá sì sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má pè é ní àwàdà, ẹ má pè é ní ìwà ìbàjẹ́. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ ni. Kí àdúrà náà máa bá yín lọ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Kí wá ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ yóò ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kó má fèsì. Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Ọmọ Kétu kì í gbọ́ èébú kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n èsì ni oúnjẹ ẹni tó ń fòòró, òkò àbínújù kì í sì í pa ẹyẹ: èébú tí ìwọ náà bá fi dá a padà ni yóò yà sílẹ̀ tí yóò fi hàn pé ẹ jọ jà ni.

Kó tó bulọ́ọ̀kì ẹni náà, kó kó ẹ̀rí jọ. Kó ya àwòrán ojú fóònù, kí nọ́ńbà ẹni náà, ọjọ́ àti aago hàn nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Facebook tàbí TikTok, kó da líǹkì ojú ìwé ẹni náà kọ, nítorí pé orúkọ tó wà lókè lè yí padà lálẹ́ kan ṣoṣo. Kó má pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ohùn gbà sílẹ̀ rẹ́. Kó pe àgbàlagbà kan kó jọ rí i pẹ̀lú rẹ̀ lórí fóònù, kí ẹnì kejì lè jẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ni kó wá tẹ Signaler, bọ́tìnì tí a fi ń fi ẹni sùn, kó sì bulọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá tẹ Signaler lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ márùn-ún tó kẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ ẹni náà ló ń lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà, wọn kì í sì í sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ fi sùn.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là kedere. Bí àwòrán náà bá jẹ́ ìhòòhò ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ẹ má pín in fún ẹnikẹ́ni, kódà bí èrò yín bá jẹ́ láti fi ẹ̀dùn ọkàn hàn tàbí láti wá ẹni tó ṣe é. Mo ti rí àwọn èèyàn rere tó ń pín irú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ.” Ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin Benin, ọgbẹ́ tuntun sì ni fún ọmọ náà. Ẹ gbé fóònù náà lọ sí kọ̀mísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, bó ṣe wà.

Bí ẹnì kan bá ń béèrè owó kó má bàa gbé àwòrán jáde, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá rí owó MoMo gbà lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ pé ẹni náà ń san, yóò padà wá. Ẹ dá ọ̀rọ̀ dúró, ẹ fi ẹ̀rí pamọ́, ẹ lọ fi sùn. Ọ̀nà kan sì wà láti dí àwòrán náà lọ́wọ́. Ẹni tó ti pé ọdún 18 nígbà tí wọ́n ya àwòrán náà lè lọ sí ìkànnì StopNCII.org, ẹni tí kò tíì pé 18 nígbà tí wọ́n yà á lè lo ìkànnì Take It Down. Wọn kì í gba àwòrán náà lọ́wọ́ yín: fóònù yín ni yóò ṣírò nọ́ńbà gígùn kan láti ara rẹ̀, nọ́ńbà yẹn nìkan ni yóò lọ. Facebook, Instagram àti TikTok wà lára àwọn tó ń fi nọ́ńbà náà wá ẹ̀dà àwòrán ọ̀hún láti yọ ọ́ kúrò. Kò lè wọ inú gúrúùpù WhatsApp, mo sọ ìyẹn kí ẹ má bàa gbára lé e jù.

Ọ̀rọ̀ òfin, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Code du numérique wa, ìwé òfin Benin lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, òfin 2017-20 tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, dárúkọ ìfòòró ẹni lórí ẹ̀rọ ní ẹsẹ̀ 550. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, owó ìtanràn wà níbẹ̀. Kọ̀mísáríà tó bá sún mọ́ yín lẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí, wọ́n sì lè gbé e dé ọ̀dọ̀ CNIN tó ń ṣèwádìí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nílé lè pe 138, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Èmi kò ní fi apá kejì òfin náà pamọ́ fún yín: wọ́n ti fi ẹsẹ̀ ìfòòró yìí kan náà mú akọ̀ròyìn sẹ́wọ̀n ní orílẹ̀-èdè yìí. Kò dùn mọ́ mi nínú. Ẹni tó bá béèrè lórí Facebook pé níbo ni owó ọ̀nà wa wọlé sí kò fòòró ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ààbò ọmọdé di ẹnu aráàlú.

Nípa ìdáàbòbò fóònù, ohun mẹ́ta ni kí àwọn ọmọ bá yín ṣe kí ẹ tó kúrò níbí. Nínú WhatsApp, ẹ lọ sí Paramètres (ètò), Confidentialité (àṣírí), Groupes (gúrúùpù), kí ẹ sì yan Mes contacts (àwọn tí mo mọ̀), kí àjèjì má bàa máa ju yín sínú gúrúùpù. Ẹ tan Vérification en deux étapes, ìyẹn ìdánimọ̀ ìpele méjì, kí ẹ fi nọ́ńbà àṣírí mẹ́fà sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba àkáǹtì yín kó fi orúkọ yín bú èèyàn. Kóòdù tó bá wọlé nípasẹ̀ SMS, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà bí ohùn ẹ̀gbọ́n yín ló ń béèrè. Facebook, Instagram àti TikTok, ọdún 13 ni wọ́n fi sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wà níbẹ̀, ẹnì kan ló bá a purọ́ ọjọ́ orí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, wọ́n béèrè ìbéèrè. Méjì ni mo kọ síbí, nítorí pé wọ́n fi ohun tí mo fò kọjá hàn.

Ọ̀gá télọ̀ kan béèrè bóyá kí òun kàn fi òfin de fóònù ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó fi dè é lásìkò iṣẹ́ bó bá fẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ìfòòró. Alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ohun tó lè ṣe ni kó sọ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, lójú gbogbo wọn, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ẹlòmíràn ní fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù òun láìgba àṣẹ, pé bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n wá bá òun, òun kò sì ní lé ẹni tó wá sọ. Kó mú ìlérí náà ṣẹ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá.

Ìyá kan ló béèrè èkejì, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ó ní, “Bó bá jẹ́ pé ọmọ tèmi ló ń ṣe é ńkọ́?” Gbogbo yàrá dákẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé gbogbo òbí ló ń bẹ̀rù kí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fòòró, díẹ̀ ló sì ń bi ara rẹ̀ bóyá ọmọ òun ló ń fòòró. Mo ní: ìyá, ẹ má lù ú, nítorí pé ẹni tí a fi agbára tẹ̀ lórí ba yóò lọ wá ẹni tó kéré jù ú tẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣí fóònù náà lójú yín, kó ka ohun tó kọ sókè fún yín, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, ní ohùn ara rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó ṣe é kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n lè ti ṣe irú rẹ̀ fún òun náà rí. Lẹ́yìn náà, inú gúrúùpù tó ti kọ ọ́ ni kó ti kọ ọ́ pé irọ́ ni òun pa, tàbí pé ohun tí òun ṣe kò tọ́, kó sì bẹ àwọn tó pín in kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹ bá a lọ sí ilé ọmọ náà. Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ kí àwọn òbí rẹ̀, kí ọmọ yín tó sọ tirẹ̀. Bí wọ́n bá bínú sí yín, ẹ gbà á. Bí ọmọ náà kò bá sì fẹ́ rí i, ẹ má fi ipá mú un dárí jì í. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, kí ẹ máa lọ.